Ibi Tí Èèpo Ọta Ń Bọ́ Sí

Ẹja ni mo ń yàn lọ́jà Kado nígbà tí ìròyìn náà dé. Mo ti nawọ́ sí àrọ̀ kan tó ṣì ń mí nínú bàsíà, obìnrin ẹlẹ́ja sì ti mú ọ̀bẹ, kí fóònù mi tó dún. Tómi, ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, di ìrọ́ mi mú, ó fi ọwọ́ kejì di imú. Ó fi Òyìnbó sọ fún mi pé ẹja náà ń wo òun. Mo gbá a lẹ́nu pẹ́pẹ́. "Yorùbá! Mo ní kí o máa fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀!" Ó panu mọ́.

Ìyá Sádíà ló pè, aládùúgbò bàbá mi ní bárékè, ẹni tó ń ta kúnú lẹ́nu géètì. Obìnrin tí í máa kí ènìyàn títí a fi ń wá ibi tí a ó sá gbà ni. Lọ́jọ́ náà kò kí mi.

"Ìyá Tómi, níbo lo wà? Ìbọn tí bàbá rẹ tún ṣe há mọ́ Ọ̀gá bárékè lọ́wọ́ níwájú àwọn àlejò. Wọ́n ti ránṣẹ́ pe bàbá sí pápá ìyìnbọn. Wọ́n ní ojú rẹ̀ ti lọ, kò mọ ohun tó ń ṣe mọ́. Wọ́n ní wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Kai, máa bọ̀ o!"

Mo fi ẹja sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ. Mo gbé Tómi pọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbá mi ní orúnkún, mo sì dá kẹ̀kẹ́ dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, mo mọ̀ pé mi ò tíì dàgbà. Irun orí mi dúdú kirikiri, ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Ṣùgbọ́n ayé tí mo fẹ́ sọ yìí ti lọ, kò sì ní padà wá. Ẹni tó bá sì fojú rí ohun tó ti lọ, àgbà ni lórí ọ̀rọ̀ náà, ìbáà ṣe àná ni wọ́n bí i. Ẹ jókòó, mi ò ní yára.

Àmọ́rà ni bàbá mi. Orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tó ń tọ́jú ìbọn ní bárékè nìyẹn. Kì í ṣe òun ló ń yìn ín. Òun ló ń wò ó sàn. Ọmọ Okun ni, láti abúlé kan lẹ́yìn Kàbà, ìdílé àgbẹ̀dẹ. Ìwé tó kà kò tó èyí tí mo kà, ṣùgbọ́n bí ìbọn bá wúkọ́ ní òpópónà kẹta, á ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń mí. Sípíríǹgì rẹ̀ ti rẹ̀ é." Ìdí nìyẹn tí gbogbo bárékè fi ń pè é ní Bàbá Sípíríǹgì. Àwa ọmọ rẹ̀, wọ́n ń pè wá ní Ọmọ Sípíríǹgì. Nílé ìwé, mo máa ń bá ọmọ tó bá pè mí bẹ́ẹ̀ jà. Lónìí, ẹni tó bá pè mí bẹ́ẹ̀, omi tútù ni n ó fi kí i káàbọ̀.

Ní bárékè wa nígbà náà, àkùkọ kọ́ ló ń jí wa. Ìró yàrá ìbọn ni. Ṣá-kà. Ṣá-kà. Bàbá mi ń fa ìdérí ìbọn ìléwọ́ sẹ́yìn, ó ń jẹ́ kó padà. Òun ló ń pè é ní ìdérí, apá òkè ìbọn tó ń yọ sẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá yìn ín. Bó bá lọ sẹ́yìn, á tu èèpo ọta tó ti jóná dànù. Bó bá ń padà bọ̀, á gbé ọta tuntun wọlé. Sípíríǹgì kan tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ ló ń dá a padà. Ohun kékeré yẹn ni bàbá mi fi ọdún tó lé ní ọgbọ̀n kọ́. Bí ó bá ti fa ìdérí nígbà mẹ́wàá tó sì dákẹ́, ìyá mi á ní, "Ó ti tó àkókò àkàrà." A kò nílò aago.

Agolo mílíìkì mẹ́rin wà lórí tábìlì rẹ̀. Láti ìgbà tí mo wà ní kíláàsì kejì ló ti kọ́ mi ní orúkọ wọn, nítorí èmi ló ní kí n fi báírò kọ ọ́ sára wọn: Ọmọ Tuntun, Òṣìṣẹ́, Àgbàlagbà, Òkú. Gbogbo sípíríǹgì tó wà ní bárékè ló ní agolo tirẹ̀, wọ́n á sì máa ṣí láti ọ̀kan sí èkejì bí ọjọ́ orí bá ṣe ń mú wọn.

Èyí tó jẹ́ Ọmọ Tuntun kì í bọ́ sínú ìbọn lọ́jọ́ tó bá dé. Bàbá mi á kọ́kọ́ mú un sùn. Á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí á fi kúrú, á fi okùn dè é bẹ́ẹ̀, á wé e sínú aṣọ tó ní òróró díẹ̀, á gbé e sábẹ́ tábìlì di ọjọ́ kẹta. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú, ariwo rẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Bó bá sùn tó jí, á sọ iye tí agbára rẹ̀ jẹ́ gan-an." Lóòótọ́, bó bá tú u lọ́jọ́ kẹta, sípíríǹgì náà á ti kúrú díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, kò sì ní kúrú mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ìgbà yẹn ni yóò tó gbé e lé ọwọ́ kó wọ̀n ọ́n. Ọwọ́ náà ni òṣùwọ̀n rẹ̀.

Ìbọn kò wọ ilé wa rí o. Òfin ni, bàbá mi kì í sì í fi òfin ṣeré. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì máa ń tẹ̀lé e wálé nínú àpò bíi kóró ẹ̀pà. Kérésì kan wà tó mú ọ̀kan sùn sórí pákó ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀ ilá. Èmi tí ọwọ́ mi kì í dúró jẹ́ẹ́, mo tú okùn rẹ̀ wò. Fìrì! Ó fò. A wá a títí, a ò rí i. Lọ́sàn-án, bàbá ìjọ wa ń jẹun lọ́dọ̀ wa, àwọn ará ilé Sádíà náà wà níbẹ̀, nítorí wọ́n ń bá wa jẹ Kérésì bí a ṣe ń bá wọn jẹ Iléyá. Bàbá ìjọ jẹ ẹ̀ẹ̀kan, ó jẹ ẹ̀ẹ̀kejì, ó dá ẹnu dúró. Ó fi ìka méjì yọ nǹkan lẹ́nu, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ní, "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, irú ẹran wo lẹ pa tí egungun rẹ̀ lọ́ báyìí?" Ìyá mi fẹ́ wọlẹ̀ lọ. Bàbá mi gba sípíríǹgì, ó fi aṣọ nù ún, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Kò ṣe é ní nǹkan kan." Ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Ó dára. Kẹ̀kẹ́ ti ń lọ, Tómi wà lẹ́yìn mi, mo ń sunkún láìsí omi lójú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dẹ́rù bà mí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí bàbá mi fẹ̀yìn tì. Ní bárékè wa, bí àmọ́rà bá ń lọ, wọ́n á to gbogbo ènìyàn sí gbangba. Ọ̀gá á gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá ìbọn lé e lọ́wọ́ fún ìgbà ìkẹyìn, òun fúnra rẹ̀ á wá fà á lé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́, gbogbo bárékè á sì pariwo orúkọ tí wọ́n ń pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀kan ní kékeré, nígbà tí ọ̀gá bàbá mi ń lọ. Bàbá àgbàlagbà náà sunkún bí ọmọdé. Láti ọjọ́ yẹn ni bàbá mi ti ń retí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àmọ́rà tí ìbọn bá há mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ nítorí àìbìkítà rẹ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ariwo. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, bàbá mi kò sì ní wúrà, kò ní fàdákà.

Ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú lóòótọ́. Gbogbo wa mọ̀. Nǹkan funfun kan ti ń bo ẹyinjú rẹ̀ bí ìkùukùu. Ó ti lè kí mi bí ẹni pé ìyá mi ni mí, tí mo bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí oòrùn wà lẹ́yìn mi. A kì í sọ ọ́ síta.

Ìbọn tó fa ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ìbọn ìléwọ́ tuntun, tó lágbára ju gbogbo èyí tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ lọ. Ọta rẹ̀ gùn, bí wọ́n bá yìn ín, ó ń mi ènìyàn dé èjìká. Wọ́n fún Ọ̀gá kó máa fi ṣe ìdíje pẹ̀lú àwọn bárékè mìíràn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni bàbá mi fi yan sípíríǹgì fún un. Gbogbo ènìyàn ń sọ fún un pé ìbọn tó le, sípíríǹgì tó le jù lọ ni kó fi sí i. Ó ń mi orí. "Bí sípíríǹgì bá rọ̀ jù, ìdérí á máa sáré lu ara rẹ̀, irin á máa jẹ irin, ọwọ́ ẹni tó mú un á máa dùn ún. Bó bá sì le jù, ìbọn ò ní lè lanu tán. Alágbára tí kò lè lanu, báwo ló ṣe fẹ́ jẹun?"

A dé pápá ìyìnbọn. Iyanrìn ni gbogbo rẹ̀, òkè ilẹ̀ wà ní ìparí rẹ̀, igi dóńgóyárò kan ṣoṣo wà lẹ́yìn. Àwọn àlejò jókòó lábẹ́ kánópì, wọ́n ń mu nǹkan tútù, wọ́n ń díbọ́n bí ẹni tí kò wo wá. Ọ̀gá dúró, ó ká apá mọ́ àyà. Bàbá mi dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì so mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀. Ládì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tẹjú mọ́lẹ̀. Kọ́púrà ni Ládì, ọmọ Gbágyi, àmọ́rà tuntun tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ tó sì gba ìwé ẹ̀rí. Òun ló ń bọ̀ wá gba kọ́kọ́rọ́. Ó ti jẹun nílé wa tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá mi, pẹ̀lú ohùn Okun inú rẹ̀.

"Bàbá Sípíríǹgì," Ọ̀gá ní, "ẹ fi mí ṣe ẹlẹ́yà lónìí. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó há. Mo tú u, mo tún yìn ín, ó tún há. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sínú."

Bàbá mi kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Níbo ni èèpo ọta bọ́ sí?"

"Kí ló kàn mí nípa ibi tí èèpo bọ́ sí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ fi ibi tí ẹ dúró sí hàn mí."

Ọ̀gá na ìka sí i. Bàbá mi kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, nínú yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ tí ìyá mi lọ̀. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀ kiri bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Mo gbọ́ tí ẹnì kan rẹ́rìn-ín lábẹ́ kánópì. Ojú ti mí, ojú sì tún ti mí pé ojú ń tì mí. Ó rí èèpo ọta kan, ó rí èkejì, gbogbo wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ipa bàtà Ọ̀gá. Ó dìde.

"Sípíríǹgì tó wà nínú ìbọn yìí kì í ṣe tèmi."

"Bàbá, ṣebí ìwọ lo buwọ́ lùwé rẹ̀?" Ọ̀gá ò fi 'ẹ' pè é mọ́.

"Èmi ni, sà. Ṣùgbọ́n ìbọn tí mo bá dì, èèpo rẹ̀ kì í bọ́ sí ẹsẹ̀ ẹni. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ló ń lọ, lápá ọ̀tún, sẹ́yìn díẹ̀. Bó bá ń bọ́ sí ẹsẹ̀, sípíríǹgì ti le jù. Ẹnì kan ti pààrọ̀ tèmi."

Ládì bọ́ síwájú.

"Èmi ni, sà," ó ní.

Ọ̀gá yíjú sí i. Ládì kò wo Ọ̀gá, bàbá mi ló ń wò. "Baba, mo tú u láàárọ̀ láti nù ún. Mo fi sípíríǹgì yín wé tuntun. Tiyín kúrú, ó kúrú tó ìbú èékánná. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa sọ pé èyí tó bá kúrú ti gbó, ká jù ú nù. Mo ní ojú Baba ni ò rí i. Mi ò fẹ́ kí ojú ó tì yín níwájú àlejò. Mo fi èyí tó gùn jù sí i, mo jù tiyín sínú agolo Òkú. Mi ò sọ fún ẹnì kankan." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Baba, don Allah, ẹ má bínú."

Mo fẹ́ bínú sí i, kò ṣeé ṣe. Èmi náà ti bo ọ̀rọ̀ ojú bàbá mi mọ́lẹ̀ láìmọye ìgbà. Mo ti sọ fún aládùúgbò pé oorun ló ń kùn ún.

"Ládì," bàbá mi ní.

"Baba."

"Ìwé kò parọ́ fún ọ. Èyí tí kò tíì sùn, bó bá kúrú, ó gbó. Ṣùgbọ́n tèmi sùn ọjọ́ mẹ́ta kí n tó fi sí i. Kúkúrú rẹ̀ kì í ṣe àárẹ̀. Ta ló yẹ kó sọ ìyẹn fún ọ?"

Bàbá mi fọwọ́ lé àyà ara rẹ̀.

"Èmi ni. Mo gbé e mọ́wọ́, mi ò gbé e lé ọ lọ́wọ́." Ó yíjú sí Ọ̀gá. "Sà, ẹ̀bi náà kan èmi pẹ̀lú."

Ọ̀gá fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n àlejò wà níbẹ̀, wọ́n sì ti rí i. "Ẹ̀yin méjèèjì ti gba ẹ̀bi fún ara yín tán, ìbọn sì wà níbẹ̀ tó há. Ládì, lọ gbé agolo náà wá. Bàbá, bí ẹ bá rí sípíríǹgì yín nínú rẹ̀, tí ìbọn yìí sì ṣiṣẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, a ó pàdé ní gbangba. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ tú kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbí."

Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà bàbá mi ló wà nínú agolo náà. Ó tó ọgbọ̀n, gbogbo wọn jọ ara wọn lójú mi bí ìbejì. Wọ́n dà á sórí tábìlì. Bàbá mi di ojú méjèèjì, bóyá kó má bàa dà bí ẹni pé ó gbẹ́kẹ̀ lé wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn níkọ̀ọ̀kan, á tẹ̀ ẹ́ sórí tábìlì pẹ̀lú àtàǹpàkò, á jẹ́ kó dìde.

"Òkú." Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Òkú. Eléyìí, Sájẹ́ǹtì kan tó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń gún iyán ló pa á. Òkú. Àbẹ̀kẹ́, ṣé ìwọ nìyẹn? Mo ń gbọ́ òórùn ẹja Kado."

"Èmi ni, Bàámi."

"Okun o," ó fi ìkíni ilé wa kí mi. "Eléyìí kú kí n tó fẹ́ ìyá rẹ."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó kù bíi mẹ́fà, ó mú ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́, kò sọ nǹkan kan. Ó mú òmíràn, ó tẹ̀ ẹ́, kò sọ nǹkan kan. Ó padà sí ti àkọ́kọ́. Mi ò rí ọwọ́ bàbá mi kó ṣiyèméjì rí. Ọwọ́ tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ mi láìjẹ́ kí n mọ̀. Ọ̀gá wo aago. Ládì fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi, mo ń ka sáàmù kan, mo sì ti gbàgbé ìdajì rẹ̀.

Bàbá mi gbé ọwọ́ kúrò. Ó nu àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó mí sínú, ó tún mú méjèèjì, ó tẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lábẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Eléyìí ń sáré dìde, ó ń ṣe fáàrí. Eléyìí ń dìde bí àgbà tó mọ ibi tó ń lọ." Ó gbé èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún sókè. "Òun nìyí."

Ó tú ìbọn, ó fi sí i, láìlajú. Ṣá-kà. Mo gbọ́ ọ, ara mi sì mọ̀ ọ́n. Ìró àárọ̀ ìgbà èwe mi ni. Lẹ́yìn náà ló lajú, ó ka ìṣísẹ̀ mẹ́rin sápá ọ̀tún, sẹ́yìn díẹ̀, ó fi ọ̀pá rẹ̀ fa òbíríkítí kan sórí iyanrìn, kò tóbi ju ẹnu bàsíà lọ. "Sà, ibí ni wọ́n ó bọ́ sí."

Wọ́n lé gbogbo wa sẹ́yìn, lábẹ́ dóńgóyárò. Mo sọ Tómi kalẹ̀, mo ní kó di etí. Ọ̀gá dúró, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó yìn ín. Ìró náà gbá mi láyà. Ó tún yìn ín. Kò há. Ó yìn ín títí ọta fi tán, ó sì sọ ìbọn kalẹ̀. Èéfín ń lọ díẹ̀ díẹ̀. Bàbá mi kò lè rí òbíríkítí tirẹ̀ láti ibi tó dúró. Ó tẹ orí ba, ó pe ọmọ mi.

"Tómi, ọmọ ọmọ mi, lọ bá mi kà á. Mélòó ló wà nínú òbíríkítí Bàbá?"

Tómi sáré lọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń na ìka. Ó sáré padà. Ó la ẹnu láti sọ ọ́, ó wo ojú mi, ó sì pa ẹnu náà dé. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ètè rẹ̀ di, iye náà sì wà lẹ́yìn eyín rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń wò ó. Ọ̀gá ń wò ó.

"Sọ ọ́ ná," mo ní. "Ẹẹ́fà ni? Eéje ni?" Kò sọ̀rọ̀.

Bàbá mi rọra gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà, bó ṣe máa ń gbọ́ ìbọn. Ó wá yíjú sí mi. Kò pariwo, èmi nìkan ló ń sọ fún: "Àbẹ̀kẹ́, sípíríǹgì wo nínú agolo mi lo fi sí ọmọ yìí lẹ́nu?"

Ohun tí ìyá kan ń gbọ́ tí á wọ̀ ọ́ lára dé egungun nìyẹn.

Ó fọwọ́ pa Tómi lórí. "Sọ ọ́ bó bá ṣe wá, ọmọ mi. Bàbá á gbọ́."

"Síìsì, Gíráńpà," Tómi ní, wéréwéré. "Wáànù wà níta."

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. "Mẹ́fà wọlé, ọ̀kan wà níta! Ẹ má dá sípíríǹgì mi lẹ́bi, ọta yẹn ni kò gbọ́ràn." Ọ̀gá lọ wò ó fúnra rẹ̀, ó tún wò ó, ó sì ké sí àwọn àlejò pé kí wọ́n fi ohun mímu sílẹ̀ kí wọ́n wá wo iṣẹ́ àmọ́rà òun. Ó tún ti ń pe bàbá mi ní 'ẹ'. Ládì dúró sẹ́yìn, bàbá mi sì fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ ọ lẹ́sẹ̀: "Ọ̀la, aago méje, wá bá mi. Mú ìwé àti báírò dání. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a pé sí gbangba. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó fà á lé Ládì lọ́wọ́, pẹ̀lú ìwé kékeré kan tí Ládì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, nípa oorun sípíríǹgì àti ibi tí èèpo ń bọ́ sí. Wọ́n pariwo "Bàbá Sípíríǹgì!" lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kẹta mi igi dóńgóyárò. Ó ti sọ pé òun ò ní sunkún. Ó sunkún.

Lónìí, ibẹ̀ kò sí mọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti wó ilé wa pẹ̀lú àwọn ilé tó wà lọ́wọ́ kan náà, wọ́n kọ́ alájà mìíràn síbẹ̀. Ìbọn tuntun ń dé pẹ̀lú sípíríǹgì tirẹ̀ nínú ọ̀rá, wọ́n ń ka iye ọta tó bá yìn, bó bá pé, wọ́n á jù ú nù, wọ́n á já ọ̀rá mìíràn. Ládì ní ó dára bẹ́ẹ̀, kò sì parọ́. Kò sí ẹni tí ìbọn ń há mọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò sí agolo mẹ́rin mọ́, kò sí ẹni tó ń mú irin sùn. Àwọn ọmọ bárékè ń fi fóònù jí. Bàbá mi wà ní Abaji, ó ń gbin iṣu. Wọ́n ti ṣe ojú rẹ̀ kan, ó ti ń rí wa. Síbẹ̀, bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣu ta, ó ṣì ń di ojú, á fi àtàǹpàkò tẹ ebè.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọjọ́ náà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Nínú kẹ̀kẹ́ tí ń gbé wa lọ sílé, Tómi jókòó lórí itan mi. Bàbá mi ti fún un ní ọ̀kan nínú àwọn òkú agolo, tí Ọ̀gá gbà pé kó mú lọ. Ó ń tẹ̀ ẹ́ láàárín ọwọ́ méjèèjì, ó ń jẹ́ kó dìde, ó ń tẹ̀ ẹ́. Mo rí i pé ó fẹ́ bi mí ní nǹkan. Ó la ẹnu, ó wo ọwọ́ mi lákọ̀ọ́kọ́, ọwọ́ tí mo fi gbá a lẹ́nu lọ́jà. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ kan bá ọmọ wí, a ó fi èkejì fà á mọ́ra. Èmi, mo ti fi méjèèjì lé e.

Mo fi ọwọ́ náà sẹ́yìn rẹ̀, mo gbé e mọ́ra. Mo ní, "Tómi, fi Òyìnbó bi mí bó bá jẹ́ òun ló kọ́kọ́ wá. Yorùbá ni n ó fi dá ọ lóhùn. N kò ní lù ọ́ mọ́ nítorí rẹ̀. Lanu, ọmọ mi, mo ń gbọ́."